Mo fẹ́ wọ iṣẹ́ títa ẹ̀rọ ọsibítù, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bísọ́lá_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Microbiology ni mo kà ní LAUTECH, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni, ọsibítù ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n pín mi sí, inú láàbù ni mo sì wà títí mo fi sìn tán. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn tó máa ń wá ta ẹ̀rọ àti reagent (kẹ́míkà tí ẹ̀rọ fi ń ṣe àyẹ̀wò) fún wa. Obìnrin kan wà nínú wọn, tó bá ti wọlé báyìí kò sí ẹni tí kò ní kí i, látorí ọ̀gá títí dórí ẹni tó ń fọ ìgò, torí tí ẹ̀rọ bá daṣẹ́ sílẹ̀ òun ni wọ́n ń pè, á sì dé. Àtìgbà yẹn ni iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lọ́kàn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ṣé wọ́n ń gba ẹni tí kì í ṣe famasísì tàbí nọ́ọ̀sì? Mo rí àwọn kan lórí Instagram tó ń ta kọ́ọ̀sì medical sales, wọ́n ní tí mo bá ti gba sátífíkéètì wọn iṣẹ́ ti dé nìyẹn, owó ẹ̀ ò kéré o, ṣé kí n san án? Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́? Ìbàdàn ni mo wà lọ́dọ̀ àǹtí mi báyìí ṣùgbọ́n mo lè kó wá sí Èkó. Mi ò ní mọ́tò, mi ò sì tíì mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Dádì mi ń sọ pé torí kí n máa gbé báàgì kiri ọsibítù kọ́ làwọn ṣe rán mi lọ yunifásítì, ẹ bá mi wá nǹkan tí mo máa sọ fún wọn. Ẹ ṣeun, mo ń retí yín.

ÌyáTọ́lá_Ìkẹjà

Bísọ́lá, káàbọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀, láàbù ni mo ń tajà fún jù kí wọ́n tó ní kí n máa bójú tó àwọn ọmọ tó ń tà á. Má tíì sanwó kọ́ọ̀sì kankan. Kò sí ilé iṣẹ́ tí mo mọ̀ tó máa bi ẹ́ ní sátífíkéètì Instagram. Ohun tí a máa ń wò tí a bá ń gba èèyàn ni pé ṣé ó gbọ́ èdè ọsibítù, ṣé ó lè dúró síwájú ọ̀gá dókítà kí ohùn ẹ̀ má gbọ̀n, ṣé ó lè kọ íméèlì tó yéni, àti èyí tó jà jù lójú tèmi, tó bá ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday ṣé á dé lọ́jọ́ Tuesday. Nídìí oògùn ni wọ́n ti máa ń fi dandan lé e pé famasísì làwọn fẹ́. Nídìí ẹ̀rọ, mo ti bá Microbiology ṣiṣẹ́, mo ti bá Biochemistry, Physics, nọ́ọ̀sì, medical lab, ẹnjiníà, gbogbo wọn ló ń jẹun níbẹ̀.

O mọ̀ pé MLSCN, ìyẹn ìgbìmọ̀ láàbù tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀, ò ní jẹ́ kí o fọwọ́ sí èsì aláìsàn torí o ò ka medical laboratory science. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí o má ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe èsì náà, kí o sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọdún tó o lò nínú láàbù yẹn tó kọ́ọ̀sì fún ẹ. O mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wọlé láti wọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá síwájú wa ò mọ̀ ọ́n.

Bí ọjà yẹn ṣe rí nìyí. Àwọn orúkọ ńlá tó ò ń rí lára ẹ̀rọ, GE HealthCare, Siemens Healthineers, Roche, Abbott, Mindray ti Ṣáínà, Sysmex ti Japan, Fresenius ti Jámánì, àwọn kan nínú wọn ní ọ́físì ní Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ distributor ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń gbà kó tó dé ọsibítù, àwọn ilé iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ láti máa tà á kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Ibẹ̀ ni kó o fojú sí. Ilé iṣẹ́ ńlá máa ń fẹ́ ẹni tó ti ṣe é fún ọdún mélòó kan, distributor ló lè gbà ẹ́ ní tútù kó kọ́ ẹ.

Bó o ṣe máa rí wọn ò le. Padà lọ sí láàbù tó o ti sìn, kí gbogbo wọn, kó o wá wo ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹ̀rọ wọn. Wàá rí sítíkà sávíìsì níbẹ̀, déètì tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn, orúkọ distributor àti nọ́ńbà wọn. Kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe Medic West Africa, tí wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ sí WHX Lagos báyìí, ní Èkó, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń pàtẹ síbẹ̀. Lọ síbẹ̀ pẹ̀lú CV ẹ ṣùgbọ́n má fi CV bẹ̀rẹ̀, dúró níwájú ẹ̀rọ kan tó o ti lò rí kó o bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹni tó ti lò ó nìkan lè bi. Wọ́n á bi ẹ́ pé ibo lo ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mú CV jáde.

Ti owó: owó oṣù ìbẹ̀rẹ̀ kì í pọ̀, kọmíṣọ̀n ló ń gbé èèyàn sókè. Kó o tó fọwọ́ sí ìwé kankan, bèèrè bóyá tí ínfọ́ìsì bá jáde ni wọ́n ń san kọmíṣọ̀n àbí tí owó bá wọlé. Ọsibítù lè gba ẹ̀rọ lónìí kó máa san án díẹ̀díẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, tí kọmíṣọ̀n ẹ bá so mọ́ owó tó wọlé, ìwọ náà á máa gbà á díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, o ò sì ní lè fi san owó ilé. Bèèrè ẹni tó ń san owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Mọ́tò ò pọn dandan ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n kọ́ ọ, kó o sì gba láísẹ́ńsì, torí tí wọ́n bá fẹ́ fún èèyàn ní mọ́tò ọ́físì ẹni tó ti ní láísẹ́ńsì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Bá mi kí dádì ẹ. Sọ fún wọn pé ẹni tó ń gbé báàgì yẹn ló ń dúró ti nọ́ọ̀sì ní òru ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé sínú incubator tuntun, tó ń fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń sẹ́ẹ̀tì ooru ẹ̀ àti ohun tí wọ́n máa ṣe tí alámù bá dún. Iṣẹ́ tí yunifásítì wúlò fún nìyẹn.

EnjiníàWálé

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí àǹtí sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un torí èmi ni wọ́n ń pè tí sales bá ti tà á tán tí wọ́n ti lọ. Ẹnjiníà biomedical ni mí, àwa là ń tún ẹ̀rọ ọsibítù ṣe.

Àbúrò mi, kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo iná. Ó lè dà bíi pé iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn, àmọ́ ẹni tó ń tà á gan-an ló kọ́kọ́ ń dé ibẹ̀. Mo ti rí ọsibítù tó ra ẹ̀rọ tokunbo láti Amẹ́ríkà, 110 volt ni ẹ̀rọ náà ń jẹ, 60 hertz, tiwa sì jẹ́ 230 sí 240 volt àti 50 hertz, wọ́n kàn yí pílọ́ọ̀gì ẹ̀ wọ́n kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, èéfín ló jáde. Ẹni tó tà á fún wọn ò bèèrè, àwọn náà ò mọ̀. Kó o tó kọ kotéṣọ̀n (ìwé iye owó ọjà) fún ẹnikẹ́ni, wọ yàrá tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí. Wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣé ó ní ẹ́ẹ̀tì (earth)? Tí NEPA bá mú iná lọ, ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀, ó máa ń tó ìṣẹ́jú mélòó? Ínfátà wọn ńkọ́, kí ni nǹkan tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Analyzer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ nígbà tó ń ka ẹ̀jẹ̀, ó ti fi reagent ṣòfò, ó tún lè di paipu. Nítorí náà owó UPS (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró tí iná bá lọ) gbọ́dọ̀ wà nínú kotéṣọ̀n ẹ látìbẹ̀rẹ̀, kódà tí kotéṣọ̀n ẹ bá wọ́n ju ti ẹlòmíì lọ nítorí ẹ̀, sọ ìdí ẹ̀ fún wọn.

Omi tún ńkọ́. Ẹ̀rọ dialysis tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ó máa ń lo bíi ìdajì lítà omi ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún aláìsàn kan, ìyẹn 120 lítà fún ẹni kan lẹ́ẹ̀kan, omi tó ti gba inú RO (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi mọ́) kọjá ni o, nínú RO yẹn náà ọ̀pọ̀ omi ló sì ń ṣàn dànù. Ẹni tó bá ta ẹ̀rọ dialysis mẹ́rin fún ọsibítù tí kò ní borehole tó dáa, ó ta ìyọnu fún àwọn aláìsàn ni. X-ray náà, ọsibítù gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ NNRA, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó ìtànṣán, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á wo òjé tó wà lára ilẹ̀kùn. Tó o bá sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, o ti parọ́.

Mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo kó o mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Wa manual ẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wọn wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ka apá ìtọ́jú ojoojúmọ́ àti ti ọ̀sẹ̀, ka apá tí wọ́n kọ àṣìṣe tí ẹ̀rọ máa ń gbé jáde sí. Tẹ̀lé ẹnjiníà lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tí wọ́n bá gbà ẹ́ láàyè, bá wọn gbé páálí, bá wọn nu eruku, wàá mọ ohun tí àwọn sales mìíràn ò mọ̀. Kó o sì mọ wáráńtì láìṣe àṣìsọ: kí ló wà nínú ẹ̀, kí ni kò sí, ṣé probe scan (apá tí wọ́n ń gbé lé ara aláìsàn) wà nínú ẹ̀, ṣé bátìrì wà nínú ẹ̀. Ibi tí ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Bísọ́lá_Ògbómọ̀ṣọ́

Haa, ẹ ṣeun gan-an ni o, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. ÌyáTọ́lá, mo ka ti bàbá mi sí wọn létí, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní kí n sọ fún yín pé àwọn gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, dẹ́mò gan-an, ìyẹn fífi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ han oníbàárà, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Níbi tí mo ti sìn, bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ dé, ọ̀gá nìkan ló ń wọlé tì wọ́n, àwa máa ń wà níta. Mo fẹ́ mọ ohun tí HOD (ọ̀gá láàbù) máa ń wò tí kò ní sọ jáde.

MọmọLáàbù_Abẹ́òkúta

Bísọ́lá ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Èmi ni mo wà lódì kejì tábìlì, ọsibítù aládàáni ni láàbù tèmi wà. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń wò.

Ká ní ẹ̀rọ FBC, ìyẹn èyí tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ni rep (ẹni tó ń tajà) kan fẹ́ tà fún mi. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti pè mí tẹ́lẹ̀, á ti bi mí pé FBC mélòó ni mò ń ṣe lóòjọ́, èwo ni mò ń lò báyìí, kí ló ń dùn mí nínú ẹ̀. Kò ní wá ní aago mẹ́wàá àárọ̀ tí orí mi ń gbóná, á wá ní ọ̀sán. Tó bá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, á wo tábìlì bóyá ó ń mì, á so diluent àti lyse (àwọn reagent olómi tí ẹ̀rọ ń lò), á so paipu tí ìdọ̀tí ń gbà jáde, á nawọ́ pe ọmọbìnrin tó máa lò ó gan-an kó wá dúró tì í, torí ó mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo máa wà níbẹ̀ lóru. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sáré blank, ìyẹn láìfi ẹ̀jẹ̀ sí i. Gbogbo nọ́ńbà á lọ sí òdo tàbí kó sún mọ́ ọn, tí kò bá lọ, kó tún fọ ẹ̀rọ kó tún sáré ẹ̀, kó má fọ̀rọ̀ bò ó. Lẹ́yìn náà control mẹ́ta (èyí tí wọ́n ti mọ iye ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ wò), ti ìsàlẹ̀, ti àárín, ti òkè, kó ṣí ìwé tó bá control wá kó fi hàn mí pé nọ́ńbà bọ́ sáàárín ibi tó yẹ, kó wo déètì ìgò náà lójú mi.

Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ó ń rò pé mo kàn mú ìgò ẹ̀jẹ̀ (EDTA) tó wà nílẹ̀ ni, kò mọ̀ pé mo ti yan márùn-ún láti àárọ̀, mo ti yí PCV wọn (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) fúnra mi, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọdé tí ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tán, ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó jẹ́ SS. Ti SS yẹn ni mò ń dúró dè. Ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ní sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì gbó, tí nucleus ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré máa ń kà á mọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun, WBC (iye sẹ́ẹ̀lì funfun) á wá ga gan-an tí dókítà á fi rò pé àkóràn wọ aláìsàn lára. Tí nọ́ńbà yẹn bá jáde, mò ń wo ojú ẹni tó ń tajà. Tó bá ń sọ pé kò sí wàhálà mà, ẹ̀rọ wa kì í ṣàṣìṣe, mo ti mọ̀ pé mi ò ní rà á. Tó bá ní mà, ẹ jẹ́ ká wo film ẹ̀ (ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí gíláàsì) lábẹ́ maikirosíkóòpù, ó dà bíi pé nucleated cell wà níbẹ̀, kí ẹ máa ṣàtúnṣe WBC irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fi jáde, mo ti fọkàn tán an nìyẹn, kódà tí ẹ̀rọ ẹ̀ bá wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó. Wọ́n máa ń wá sọ pé ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ ni o mà, reagent nìkan lẹ máa máa rà lọ́wọ́ wa. Òwò tó dáa ni tí ìṣirò bá yé ẹni tó ń gbà á. Mo fẹ́ kí rep jókòó tì mí pẹ̀lú bébà, kó ṣírò iye tí test kan máa ná mi tòótọ́, kó fi control kún un, kó fi reagent tí ẹ̀rọ fi ń fọ ara ẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kún un, torí tí mo bá ń ṣe test mẹ́wàá péré lóòjọ́, fífọ yẹn lè gbé iye test kan fò sókè. Tí FBC mi ò bá pọ̀ tó, kó sọ fún mi pé ẹ̀rọ yìí tóbi jù fún mi. Ọmọkùnrin kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mi ò rà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n òun ni mo kọ́kọ́ pè nígbà tí ọsibítù wa gbòòrò.

Ohun tó máa ń bí mi nínú: ilé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, kí tágẹ́ẹ̀tì ọdún lè pé wọ́n kó reagent tó ku bíi oṣù méjì kó expire wá fún mi ní December. Wọ́n tún gbé control wá nínú búùtù mọ́tò láti Èkó, nǹkan tó yẹ kó wà láàárín 2 sí 8 degree, páálí lásán ni wọ́n kó o sí, kò sí yìnyín kankan níbẹ̀. Control yẹn ò bọ́ sáàárín mọ́ títí mo fi dà á nù. Àwọn aláìsàn mi ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré. Bísọ́lá, ra kúlà tìẹ àti ìwọ̀n ìgbóná kékeré kan sínú ẹ̀, ṣí i níwájú oníbàárà kó rí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé.

KúnléTẹ́ńdà

Ẹ kú àlàyé ẹ̀yin àgbà. Èmi ò fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ distributor ṣá. Kó lo ọdún kan, kó forúkọ kọ́ńpìnnì tiẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, kó máa ta gloves, síríǹjì, ẹ̀rọ BP, ẹ̀rọ ọ́síjìn, ibẹ̀ ni owó wà. Tẹ́ńdà ìjọba àpapọ̀ wà fún gbogbo èèyàn lábẹ́ òfin Public Procurement ti ọdún 2007, ìwé ẹ ni kó pé: CAC, tax clearance ọdún mẹ́ta, PenCom (ti owó ìfẹ̀yìntì), ITF (ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), NSITF (ti ìbánigbófò òṣìṣẹ́), ìwé ìforúkọsílẹ̀ BPP (àjọ tó ń bójú tó rírà ọjà fún ìjọba). Mo ti rí ọmọ kékeré tó gba tẹ́ńdà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì ńlá torí ìwé tiwọn ò pé.

ÌyáTọ́lá_Ìkẹjà

Kúnlé, ti ìwé yẹn, òótọ́ lo sọ, kí Bísọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan ti kéré jù. Ọsibítù ìjọba lè gba ọjà lọ́wọ́ ẹ kí owó má jáde fún oṣù púpọ̀, ẹni tó yá owó ra ọjà yẹn, èlé ni á máa san. Àti náírà: látìgbà tí wọ́n ti tú u sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye ẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwa tí à ń kó ọjà wá láti òkè òkun ti kọ́ ọgbọ́n, iye tó wà nínú kotéṣọ̀n wa kì í dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó wà nísàlẹ̀ ìwé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó fi iye oṣù tó kọjá wọ tẹ́ńdà, tó bá gbà á tán ló máa rí i pé àdánù ni.

Ẹ̀rọ BP àti ẹ̀rọ ọ́síjìn tó ò ń sọ yẹn, NAFDAC ń forúkọ wọn sílẹ̀. Èyí tí kò ní nọ́ńbà tó kún ọjà, tó ń ka ẹ̀jẹ̀ ríru 180 sí 130, èèyàn ló ń pa. Bísọ́lá, má ta nǹkan tí o ò ní fi wọn ìyá ẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ, màá sọ ọ́. Wọ́n máa bi ẹ́ pé kí ló wà fún mi níbẹ̀. Ẹni tó ń ra nǹkan fún ọsibítù ló máa bi ẹ́, nígbà mìíràn dókítà ni, ẹ̀rín ni wọ́n á fi bi ẹ́. Owó ẹ̀yìn nìyẹn, òfin ICPC ti ọdún 2000 sì mú ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á. Èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé sà, ohun tó bá wà, orí ínfọ́ìsì ló máa wà, lórúkọ ọsibítù. Mo lè bá ọ́físì wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín in kù, mo lè fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún òṣìṣẹ́ wọn kún un, pẹ̀lú lẹ́tà tí MD (ọ̀gá àgbà ọsibítù) máa rí. A ti pàdánù ọjà nítorí ẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n ọsibítù tó bá gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹ lónìí, ẹlòmíì á fún wọn ju tìẹ lọ lọ́la, iye owó ẹ̀rọ á sì máa lọ sókè, orí bíìlì aláìsàn ló ń já sí. Tí ọ̀gá ẹ ní distributor bá ní kó o máa fún wọn, wá iṣẹ́ sí ibòmíràn.

Adé_Leeds

Ẹ kú ilé o. Mo ń kà á láti ibí, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi. Bísọ́lá, tó bá jẹ́ pé àtijápa wà lọ́kàn ẹ tó bá yá, iṣẹ́ yìí ń rìn. Ẹnìkejì mi bẹ̀rẹ̀ ní Ìlúpéjú, ó ń ta irin egungun ní UK níbí báyìí, orúnkún àti ìbàdí. Inú tíátà ló máa ń wà pẹ̀lú oníṣẹ́ abẹ, kì í fọwọ́ kan aláìsàn rárá, ṣùgbọ́n ó mọ tíréè tó kàn kí wọ́n tó bèèrè, tí nọ́ọ̀sì bá ṣi saizì mú á rí i. Kí ọsibítù NHS (ti ìjọba níbí) tó jẹ́ kó wọ tíátà wọ́n á wo ìwé àjẹsára ẹ̀, Hepatitis B àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á wo ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíátà ẹ̀. Láísẹ́ńsì mọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè ní íńtáfíù torí ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń rìn. Ìdánwò ABPI tí àwọn èèyàn ń pariwo yẹn, ti àwọn tó ń ta oògùn ni, ti ẹ̀rọ ò nílò ẹ̀. Gba àjẹsára Hepatitis B ẹ ní Nàìjíríà báyìí, ó wúlò fún ẹ níbẹ̀ náà, inú láàbù ni wàá máa wọ̀, kó o sì tọ́jú káàdì ẹ̀.

Bísọ́lá_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo padà lọ sí láàbù yẹn, mo ka sítíkà, mo pe àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n fi CV ránṣẹ́, wọ́n ti pè mí báyìí, íńtáfíù di ọjọ́bọ̀ ní Èkó, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ kan tí mo bá fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bíi pé mò ń tà á fún wọn. Àyà mi ń já. Èwo ni kí n mú, ẹ̀yin ìyá mi?

MọmọLáàbù_Abẹ́òkúta

Ẹ̀rọ tó o lò níbi tó o ti sìn ni kó o mú o. Má mú CT scan.

ÌyáTọ́lá_Ìkẹjà

Ohun tí ìyá sọ gẹ́lẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ FBC, má ka bí ẹ̀rọ ṣe tóbi àti iye parameter ẹ̀ fún wọn, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, ìbéèrè ni kó o fi ṣe, bíi pé àwọn ni HOD: ẹ̀jẹ̀ mélòó lóòjọ́, iná yín ńkọ́, ta ló máa lò ó lóru, iye wo ni test kan ń ná yín báyìí. Kọ èsì wọn sílẹ̀ níwájú wọn. Lẹ́yìn náà kó o wá fi ohun tí wọ́n sọ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà. Wọ́n máa bi ẹ́ ní ohun tí o ò mọ̀, ó dájú, ọ̀kan nínú wọn máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ní mi ò mọ̀ ọ́n báyìí sà, màá bèèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà màá sì fi íméèlì ránṣẹ́ sí yín kí ilẹ̀ tó ṣú, kó o sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ yẹn.

Má wá láti Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ò mọ bí ọ̀nà expressway ṣe máa rí. Sùn sí Èkó lọ́jọ́rú. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé èló lo fẹ́ gbà, bi wọ́n nípa owó ọkọ̀ àti ìgbà tí kọmíṣọ̀n ń jáde kó o tó dárúkọ iye. Fi nọ́ńbà ẹ ránṣẹ́ sí inbox mi, màá pè ẹ́ lálẹ́ Tuesday lẹ́yìn aago mẹ́jọ, èmi ni máa ṣe HOD, kó o tà á fún mi.